Ìdí Tí Ìrẹ̀ Fi Ń Ké Lóhùn Kan Ṣoṣo

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Àwọn tó mọ̀wé orin wà ńlẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n. Èmi tí mo bá la ẹnu kọrin tí ajá ń fi ilé sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ mọ̀? Díẹ̀ tó ta sí mi létí náà ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà láéláé, nígbà tí ògán ṣì ní ẹnu ọ̀nà gbàgàdà, kò sí ẹni tó mọ orin kọ bí Ìrẹ̀ nínú gbogbo igbó. Jẹ́jẹ́ ni orin rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọmọ tó fẹ́ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, àfi kó sún mọ́ ọn. Ìgbà tí wọ́n bá sún mọ́ ọn tán ni yóò gbé ohùn sókè lójijì, ara gbogbo wọn á sì ta gìrì.

Ṣùgbọ́n orin dídùn kì í bo ilé. Inú ihò ni Ìrẹ̀ ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, òjò kún ihò náà, díẹ̀ ló kù kí omi gbé Àyìnkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ. Ọ̀run sì tún ti ń ṣú báyìí.

Ibì kan ṣoṣo ni òjò kì í dé: inú ògán Ìyá Ikán. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ikán a pe àwọn olórin sí gbọ̀ngàn rẹ̀. Oníkálukú á dúró ní igun tirẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ kọrin pọ̀. Ẹni tí èrò bá pọ̀ jù ní igun rẹ̀, òun àti ẹbí rẹ̀ ni yóò gbé inú ògán títí ọyẹ́ yóò fi dé. Òfin kan ló wà ńbẹ̀. Amọ̀ ni òrùlé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá mì í tí erùpẹ̀ fi já, ìta ló ń lọ.

Kọ̀ǹkọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ tóbi ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ, pàdé Ìrẹ̀ lọ́nà.

"Ọ̀rẹ́ mi, ibi tó o ti ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn, kí o tó parí rẹ̀, gbogbo èrò á ti wà ní igun mi. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀."

Ìrẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tó délé, ó ròyìn ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹkọ̀.

"Baba Àyìnkẹ́, ẹ jẹ́ kó máa wí," ni Àsàbí, ìyàwó rẹ̀, sọ. "Ibi jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń fà wọ́n wá."

"Bí ariwo bá bò ó mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé wàá máa fi ẹnu gbọ́n omi ni?"

Àsàbí fa Àyìnkẹ́ mọ́ra. Òun náà ti wo ojú ọ̀run.

Ni Ìrẹ̀ bá gba etí odò lọ, ó di ọ̀dọ̀ Alákàn, oníṣẹ́ ohùn, tí apá rẹ̀ rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé ohùn mi sókè."

"Ibo ni kó gbà? Òrùlé ń bẹ lókè." Alákàn pa apá rẹ̀ dé bí ẹni ń dán an wò. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Ibi tó ga nínú orin rẹ ni kò jẹ́ kí ìyókù rí ọ̀nà gòkè. Màá tẹ orí ibi gíga yẹn mọ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rí pẹrẹsẹ, màá ti gbogbo rẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Kò ní kọjá, kò sì ní wálẹ̀."

"Ibi jẹ́jẹ́ mi ńkọ́?"

"Òun náà á máa ké. Kí lo wá wá?"

Alákàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìrẹ̀ kọ ọ́ wò, àwọn ẹyẹ òdìkejì odò sì bojú wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn títí Kọ̀ǹkọ̀ fi gbọ́, tí òun náà lọ sọ́dọ̀ Alákàn. Ìrẹ̀ bá padà: "Bàbá, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí i." Kọ̀ǹkọ̀ náà padà. Kò pẹ́, gbogbo olórin igbó ló tò sétí odò, Alákàn sì ń tẹ̀ wọ́n lọ. Oníṣẹ́ wo ló máa ń làjà bí oníbàárà rẹ̀ méjì bá ń jà?

Nírọ̀lẹ́, Àyìnkẹ́ ní, "Bàbá mi, ẹ kọ ibi tí mo fi ń sùn."

Ìrẹ̀ kọ ọ́. Ọmọ náà fọwọ́ dí etí.

"Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn."

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ibẹ̀ ń pariwo."

Ìrẹ̀ ní, "Ilé là ń wá, ọmọ mi. Fara dà á."

Ọjọ́ pé. Nínú ògán, gbogbo olórin la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùlé ò mì, erùpẹ̀ ò já. Àwọn èrò kọ́kọ́ hó yèè. Nígbà tó yá, wọ́n ń fọwọ́ pa iwájú orí.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ti Ìrẹ̀ níbẹ̀?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bi Ehoro.

"Má bi mí. Bí ẹni tí wọ́n ń fi ògiri gbá létí ni mo rí."

Wọ́n bá ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí igun tó kún. Ìyá Ikán, tí orí ń fọ́, dìde.

"Ẹ ò rú òfin, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kí òrùlé mi mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa lọ."

Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ọ̀nà pa. Ìdí nìyẹn tí ògán kò fi ní ilẹ̀kùn mọ́.

Òjò dé. Ìrẹ̀ sáré tọ Alákàn lọ nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ dá ibi jẹ́jẹ́ mi padà."

"Ẹni tó bá fún ọsàn, ṣé ó lè dá omi rẹ̀ padà sínú èèpo? O ò sọ pé kí n bá ọ tọ́jú ti àtijọ́."

Omi wọ ihò. Wọ́n gbé Àyìnkẹ́ lé orí koríko. Ó yè, ṣùgbọ́n kò sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìrẹ̀ ti ń ké lóhùn kan, rììì, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àwo orin nígboro pàápàá ti ra ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ Alákàn. Olórin á wọlé, á ní ti lágbájá ń ké ju tòun lọ, kí wọ́n tún tẹ tòun sí i. Lágbájá náà á sì padà wá lọ́la.

Ẹ yọ́ lọ sí ẹnu ihò ìrẹ̀ kí ẹ wò ó. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, á dákẹ́ lójijì. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ òun, ibi jẹ́jẹ́ ló wá gbọ́. Kí ni yóò wá kọ fún yín?