Agara Kì Í Ṣe Rírẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín kú ìjókòó. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Òkè-Agbọ̀n, ogójì ọdún ni mo ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká, inú sì ń bí mi lónìí, nítorí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ní agara dá òun pé kó lọ sùn. Irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ lèmi náà nígbà kan.

Lọ́dún kan, ìyá mi kò lè dìde mọ́. Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń bọ́ ọ, ló ń pọnmi, ló ń yan ẹran tí mo bá pa, ló tún ń dáná fún gbogbo ọdẹ tó bá ṣáà ti ya ilé mi. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Baálé mi, agara dá mi.”

Mo ní, “Bó bá rẹ̀ ọ́, na ẹ̀yìn díẹ̀. Àlejò mẹ́fà ń bọ̀ lọ́sàn-án.” Ni mo bá gbọ̀nà igbó lọ.

Kò pẹ́ tí mo fi rí abo ẹfọ̀n kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà. Mo na ìbọn sí i, kò sá. Ó ní, “Ọdẹ, yìnbọn! Ẹ lé mi nídìí omi, ẹ lé mi nídìí koríko, ẹ ò jẹ́ kí n fún ọmọ mi lọ́mú. Agara dá mi.”

Mo ní, “Bó bá rẹ̀ ọ́, sinmi ná, kó o tó máa sá lọ.”

Ó fò dìde, ó fi ìwo gbá ìbọn mi sínú ẹrẹ̀. “Arìndìn! Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ rírẹ̀? Bó bá rẹ̀ mí, mà á sùn, ara mi á sì dá. Ẹni tí agara dá, bó sùn tó jí, ẹrù náà ṣì wà lórí rẹ̀! Ṣé báyìí lo ṣe ń dá àwọn ará ilé rẹ lóhùn?”

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi ìbọn sílẹ̀, mo sáré délé. Ìkòkò ti jóná, ìyá mi ń ké nínú yàrá, Àwẹ̀ró sì ti di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ̀ wá mú un lọ. Mo bọ́ ẹ̀wù ọdẹ, mo gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo lọ wẹ ìyá mi. Nígbà tí àwọn àlejò dé, mo lé wọn padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, Àwẹ̀ró ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná.” Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wò mí kó tó tú ẹrù náà.

Gbogbo ìlú fi mí rẹ́rìn-ín pé ọdẹ ń fọ aṣọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀! Bí ẹnikẹ́ni nílé yín bá ní agara dá òun, ẹ má dárúkọ oorun sí i létí. Ẹ béèrè ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì bá a gbé e. Ó dìgbà o. Èmi ń lọ gúnyán fún Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ sílé yín, bí ẹ bá ṣì rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún yín.