Ògúndépò Fi Aṣọ Pupa Pamọ́

Irin ojú ọ̀nà kò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọ̀tá. Ẹni tó bá gùn ún ni ó ń gbé. Ohun tí owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wí fún Ògúndépò nìyí, ní ọdún kejì ogun abẹ́lé, nígbà tí oorun dá lójú rẹ̀ nítorí Àwẹ̀ró aya rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Ògúndépò. Ọdún méjìlá ni ó fi di bóòtù tó ń de ojú irin mọ́lẹ̀ ní òdìkejì odò. Nígbà tí ogun fi odò náà pín ilẹ̀ sí méjì, ìhà ibí ni ó bá ọkùnrin náà, Àwẹ̀ró sì há sí ìhà ọ̀hún. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìró. Àwọn ológun wá pàṣẹ fún òun àti Ayélàágbé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́, pé kí wọ́n yọ́ wọ ilẹ̀ ọ̀tá, kí wọ́n tú ojú irin, kí ọkọ̀ má lè kọjá mọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ tọ ìyá mi, Ẹfúndoyin tó ń fi owó ẹyọ ṣàyẹ̀wò, wá.

Ìyá mi da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó títí. Ó ní: "Ẹ ó lọ, ẹ ó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹbọ ni kí ẹ rú: àkùkọ kọ̀ọ̀kan fún Ògún, àti aṣọ pupa tí ẹ fi ń dá ọkọ̀ dúró. Kí ẹ so aṣọ náà kọ́ létí ojú irin, ní nǹkan bí máìlì kan sí ibi tí ẹ bá tú, ní ìhà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀."

Ògúndépò bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé kí n máa kí ọ̀tá káàbọ̀ ni?"

"Wọ́n ní kí ẹ dí ọ̀nà. Irin tí ẹ bá tú ti dí i. Ṣé o mọ ẹni tí yóò wà nínú ọkọ̀ náà?"

"Ọ̀tá ni."

"Àwẹ̀ró ńkọ́?"

Ó dìde, ó wá àkùkọ lọ.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ìyá mi kò béèrè ohun tuntun. Òfin àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ wọn ni pé a kì í tú bóòtù kan ṣoṣo láìkọ́kọ́ so aṣọ pupa kọ́. Ọdún méjìlá ni Ògúndépò fi pa òfin náà mọ́.

Àwọn méjèèjì pa àkùkọ. Wọ́n sọdá odò, wọ́n dé ibi tí ojú irin ti pín sí méjì, Ayélàágbé gba ti òsì, ó so aṣọ tirẹ̀ kọ́, ó sì tú irin. Awakọ̀ rí i, ó dúró. Àwọn ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ṣépè, wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà. Ọ̀nà dí fún oṣù kan gbáko. Ọ̀gá ológun tó rán Ayélàágbé níṣẹ́ pè é ní ojo, kò sì bá a jiyàn.

Ògúndépò ti aṣọ tirẹ̀ bọ àpò. Ó tú bóòtù mẹ́jọ ní apá ọ̀tún, ó yẹ irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lúgọ sínú igbó. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ dé, ó sì dà wó. Igbe obìnrin àti ọmọdé ni ó gbọ́. Àwọn tí ebi lé kúrò nílùú ni ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Inú yàrá kẹta ọkọ̀ náà ni ó ti bá Àwẹ̀ró. Ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "láti àárọ̀ ni mo ti ń yọjú lójú fèrèsé, bóyá n ó rí aṣọ pupa yín."

Ògúndépò ṣí àpò, ó fa aṣọ náà yọ. Òun ni ó fi bò ó lójú.

Nígbà tí ogun parí, ìhà méjèèjì ni wọ́n ti ń wá Ayélàágbé. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Ó kọ́lé, ó sì rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ògúndépò gbé aṣọ pupa wá síwájú àtẹ ìyá mi. "Ìyá, ẹ bá mi rú u." Ìyá mi sunkún, kò lè fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó gbọ́ jẹ èrè rẹ̀; ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ògúndépò ṣì ń lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti dà wó lójoojúmọ́, ó ń so aṣọ náà kọ́ létí ojú irin. Ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́.