Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí Iná Kò Kọjú Sí

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò tíì bọ́ sùtánà funfun lọ́rùn, kò sì wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣọ funfun ti í rìn. Ẹ̀bà ni ó fẹ́ lọ tẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó dúró ná, kó bá òun di ọmọ wọn mú, nítorí òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo iná lọ́nà mìíràn.

Ṣáájú ìgbà náà, orí kámẹ́rà ni iná rẹ̀ máa ń wà. Bí ó bá ti kọ mànà, àwọn ọmọ tuntun a dijú, wọn a bú sẹ́kún. Ojú èyí tí kò bá sunkún a funfun pẹlẹbẹ bí àwo. Ẹnìkan wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbé iná kúrò lórí kámẹ́rà, kí ó fi í sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó sì na agbòòrùn funfun síwájú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀ kó tó dé ara ọmọ.

Ó gbé ọmọ sórí àga kan, ó gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó na ọwọ́ ti ọmọ lẹ́yìn, nítorí ọrùn ọmọ kò tíì gbó. Ọkùnrin náà wo inú kámẹ́rà, ó rí etí sùtánà, ó ní kó sún sẹ́yìn. Ó sún. Ó ní kó tún sún díẹ̀ sí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ìrètí, ẹ ti lé mi kúrò nínú fọ́tò ọmọ tí mo bí. Ìgbà wo lẹ máa wá ya èmi náà?”

“Jẹ́ kí n mọ iná yìí lò ná.”

Fọ́tò náà dára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sí iná mọ́lẹ̀. Èyí tí kò kọjú sí i náà ní ìmọ́lẹ̀ tútù kan lára, bí ti ìdájí. Ó fi í kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá ní ọkùnrin yìí mọṣẹ́, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn a tún ya òmíràn.

Kí ọmọ tó lè dá jókòó, àìsàn kọlu ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ lórí ibùsùn. Wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn sùtánà rẹ̀ sin ín.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ti lè dá jókòó. Ó gbé e sórí àga kan náà, ó gbé iná síbi tó máa ń wà. Ìdajì ojú ọmọ ṣókùnkùn. Ó sún iná mọ́ ọmọ, ọmọ sunkún. Ó gbé iná jìnnà, òkùnkùn náà kò lọ. Ó tún agbòòrùn nà, pàbó. Ẹ̀rù bà á. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ìyàwó ti lọ, iṣẹ́ náà tún fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kó ẹrù ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú lọ́jọ́ kan, ó bá ọkùnrin náà níbi tó ti tún ń gbìyànjú láti ya ọmọ. Bí ó ti ń ká aṣọ, ó fi sùtánà tó kù kọ́ ẹ̀yìn àga tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọmọ. Ọkùnrin náà tẹ kámẹ́rà, kò retí ohunkóhun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì mọ́lẹ̀.

Ó gbé sùtánà kúrò, òkùnkùn padà. Ó dá a padà, aṣọ funfun náà tún da ìmọ́lẹ̀ iná padà sójú ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Màmá,” ó ní, “mo rò pé iná mi ni.”

Màmá wò ó títí. Ó bi í bóyá kí òun fi sùtánà náà sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá gbogbo fọ́tò tó ti yà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Kò rí ojú ìyá rẹ̀ nínú ọ̀kankan.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, bojú wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí o ti ní kó sún sẹ́yìn, kó má bàa hàn. Má dúró dìgbà tí o bá mọ iná lò tán. Pè é wọlé sínú fọ́tò lónìí, nígbà tó ṣì lè bá ọ rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà ti mọ iná lò báyìí. Sùtánà funfun kan ló wà lórí àga.