Akólòlò Lórí Ìtàgé

Ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ máa ń gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fátókí akólòlò ní òun fẹ́ ṣe ìránṣẹ́ ọba, àwọn kan yarí.

"Yóò ba eré wa jẹ́!"

Ìyá Dékọ́lá, olórí ẹgbẹ́, ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ fún un láyè."

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọba inú eré ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ tipẹ́. Fátókí sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, olorì ti b... b..."

Ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun, òógùn bò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọba dìde lórí ìtẹ́, àwọn òǹwòran ń nà gàgà.

"Olorì ti bímọ! Ìbejì ni!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Ìyá arúgbó kan dá orin ìbejì, gbogbo èrò gbè é, wọ́n sì jó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àwọn ọmọ náà ní tòótọ́.

Ẹni tó yarí jù lọ dì mọ́ Fátókí. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa ṣe ọba!"

Fátókí rẹ́rìn-ín. "Ó... ó dáa, bí ẹ bá lè dúró."