Ọmọ Ìgalà tí Ìyá Rẹ̀ Kò Sọ Lórúkọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi sáré, ó sáré, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ẹyẹlé.

Ẹ̀yin ọmọ, eré ni ìran Ìgalà ń sá. Ìgalà wá bí ọmọ tí kò lè dìde, tí kò lè gbé oúnjẹ mì. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ó gbé e sábẹ́ igi, ó sá lọ.

Ẹyẹlé, olùgbàdúrà, gbé e wọlé sáàárín àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n jù nù. Ó ní, "Ọlọ́run kì í ṣèṣì." Ó ń fi ẹnu rẹ̀ kán oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ìgalà padà wá. Ó yọjú, ó sá. Ó tún wá, ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀, ó sá. Nígbà kẹta, ó kọrin. Ẹ gbè é:

Ọmọ mi, dáhùn o.
*Jọ̀ọ́ o, jọ̀ọ́.*
Ìyá rẹ ló dé.
*Jọ̀ọ́ o, jọ̀ọ́.*

Àwọn ọmọ inú ilé ní, "Èwo nínú wa?"

Ẹyẹlé ṣílẹ̀kùn. "Ẹ káàbọ̀, ìyá ọmọ. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìgalà lanu, ó rántí pé òun kò sọ ọ́ lórúkọ. Kí Ẹyẹlé tó sọ pé Rẹ̀mílẹ́kún ni òun sọ ọmọ náà, ìtìjú ti lé Ìgalà wọ igbó.

Títí dòní, ìgalà máa ń dúró létí oko, etí rẹ̀ á nà ṣánṣán. Orúkọ yẹn ló ń retí láti gbọ́.

Bí mo bá purọ́, kí ẹ gbàgbé orúkọ tèmi náà.