Ìgbín Tó Ní Kí Ìjàpá Wá Ṣe Onídùúró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba abẹ́ ewé gbígbẹ, ó kọjá níwájú báńkì, ó dúró lọ́dọ̀ Ìgbín tí kò nílé.

Ìwọ tó wà lẹ́yìn, má sùn o. Ọ̀rọ̀ ilé ni.

Láyé ìgbà náà, Ìgbín ò ní ìkarahun. Abẹ́ ewé ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọyẹ́ sì ti ń bọ̀. Bí ọyẹ́ bá ká wọn mọ́ ìta, gbígbẹ ni wọn ó gbẹ. Ìgbín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Erin ló ni báńkì ìlú àwọn ẹranko. Ìjàpá ni agbaninímọ̀ràn ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mú wá yáwó, iṣu kan ni Erin ń fún un. Ẹ fi iṣu yẹn sọ́kàn.

Ìjàpá wá bá Ìgbín. Ó ní ta ló tún ń tọ́jú owó kó tó kọ́lé láyé ọ̀làjú? Ó ní Erin á kọ́ ọ parí, Ìgbín á kó wọlé, á wá máa san án. Òkété ti kó wọ tirẹ̀. Ehoro náà ti kó wọ tirẹ̀, ó tiẹ̀ ti ń yọ ṣùtì sí àwọn tó ń gbé abẹ́ ewé. Ìgbín bi í pé bí òun ò bá rí san ńkọ́. Ìjàpá wúkọ́. Ó ní ìyẹn ò le, àwọn ọmọ á kàn lọ ṣe ìwọ̀fà lóko Erin títí owó á fi pé ni.

Ìgbín wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run. Ilé náà wù ú, mi ò ní parọ́ fún yín.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣé wàá ṣe onídùúró mi? Bí mi ò bá rí san, kó jẹ́ ìwọ ni wọ́n á wá mú."

Ìjàpá rántí pé òun ní ibì kan láti lọ.

Ni Ìgbín bá ń lọ síwájú báńkì láràárọ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, wá dúró fún mi o,
*Díẹ̀díẹ̀ n ó kọ́lé.*
Ìmọ̀ràn tó dùn tó oyin yìí,
*Díẹ̀díẹ̀ n ó kọ́lé.*
Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn, kó tẹ̀ka,
*Díẹ̀díẹ̀ n ó kọ́lé.*
Ọmọ mi ò ní ṣèwọ̀fà láéláé,
*Díẹ̀díẹ̀ n ó kọ́lé.*

Orin náà ta sí Erin létí. Ó pe Ìjàpá. Ó ní agbaninímọ̀ràn tí kò lè dúró nídìí ìmọ̀ràn ara rẹ̀, irú èwo nìyẹn? Kó tẹ̀ka fún gbogbo ẹni tó mú wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣu tán. Ìjàpá ro ti iṣu. Ó tẹ̀ka fún Òkété. Ó tẹ̀ka fún Ehoro. Nígbà tó kan Ìgbín, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ìwé.

"Fi sílẹ̀," ni Ìgbín wí. "Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ọwọ́ rẹ á gbọ̀n ni. Ó sì gbọ̀n. Mi ò yáwó mọ́."

Òkété àti Ehoro fi Ìgbín ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìgbín kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ tútù, ó po itọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹfun, ó mọ ilé bíńtín sẹ́yìn ara rẹ̀, kò tó èkùrọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n á ṣe mọ tiwọn. Lọ́dún kejì, ó fi ìlà kan kún un.

Ọyẹ́ ọdún náà wá le ju ti èṣí lọ, oko gbẹ, kò sẹ́ni tó rí owó san. Òkété gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilé, ó kó ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ehoro àti tirẹ̀ fò gba fèrèsé. Onídùúró nìkan ló kù. Ìjàpá lọ tú ilẹ̀kùn ilé wọn, ó fi bo òrùlé tirẹ̀ káàkiri, kí ẹni tó bá wá gbowó má baà rí i nínú ilé. Ṣùgbọ́n Erin wá dógò tì í. Ẹ mọ ológò: kì í jà, kì í pariwo, ó kàn ń jókòó sílé onígbèsè títí yóò fi san ni. Erin wá ibi tí yóò jókòó sí. Orí òrùlé Ìjàpá ló jókòó lé.

Gbìì! Ilé wó lé Ìjàpá lẹ́yìn, àtòrùlé àtilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Erin ní kó máa gbé e kiri títí gbèsè á fi tán. Kò tíì tán.

Ìjàpá wọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìgbín, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun pamọ́. Ìgbín ní ilé òun ò gba ẹni méjì.

"Bí agbára mi ṣe mọ ni mo kọ́ ọ mọ," ó ní, "ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè lé mi jáde níbẹ̀."

Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì lọ́la. Ìlà ara ìkarahun Ìgbín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Abala ẹ̀yìn Ìjàpá, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni. Bí ẹsẹ̀ bá dún, Ìjàpá á fa orí wọlé, ó rò pé ológò tún dé. Ìgbín náà á wọlé, ṣùgbọ́n oorun ló ń lọ sùn.

Àlọ́ mi ti délé o. Kí kálukú máa re tirẹ̀.