Kọ̀ǹpútà Mosúnmọ́lá Níwájú Mítà

Bàbá Aríyìbí, onílé kan ní Ṣakí, kì í ṣe ẹni tí ayálégbé ń já ní koro. Nígbà tí owó iná gun òkè, ó pe Mosúnmọ́lá, ayálégbé rẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré tẹ̀wé fún aráàlú, síwájú àwọn ayálégbé yòókù, ó ní: "Ẹ̀rọ rẹ ló ń jẹ gbogbo iná ilé yìí. Bí irọ́ ni mo pa, fi hàn lójú gbogbo wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ lọ́la." Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó ń lo iná, kí wọ́n wá sídìí mítà, torí bí iná tí à ń lò bá ṣe pọ̀ tó ni ojú pupa, iná kékeré ara mítà, ṣe ń yára ṣẹ́ tó. Wọ́n pa á, mítà dákẹ́. Ó wọlé lọ tan kọ̀ǹpútà náà, tí kò ju páálí ṣúgà lọ. Ojú pupa ṣẹ́, ó sinmi pẹ́, ó tún ṣẹ́. Onílé ní, "Mítà yìí ń sùn ni." Mosúnmọ́lá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ bá wa jí i, ẹ tan ti yàrá yín." Bàbá wọlé, ó tan firísà àti amúlétutù rẹ̀. Ojú pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wàràwàrà, kò sinmi mọ́. Gbogbo ayálégbé yíjú sí yàrá onílé. Mosúnmọ́lá tún kúnlẹ̀: "Bàbá, kọ̀ǹpútà mélòó lẹ ní níbẹ̀?"